Annona kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀

A ń wá orúkọ Yorùbá fún annona militaris, ìyẹn oúnjẹ àti aṣọ tí ìjọba Róòmù ayé àtijọ́ ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pè é ní "ìṣákọ́lẹ̀", ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Annona ní tirẹ̀, àgbẹ̀ tó ń roko baba rẹ̀ pàápàá ò bọ́ níbẹ̀.

"Owó orí" tí àbúrò wa mú wá náà ò bá a mu, torí kì í ṣe owó. Fàdákà inú owó Róòmù ti ń dín kù tipẹ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 270, bàbà tí wọ́n fi fàdákà ra lójú lásán ló kù. Sójà wo ló máa fi ìyẹn ra búrẹ́dì? Ni ìjọba bá ń gba àlìkámà, wáìnì, òróró, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, títí kan aṣọ. Olú-ọba Diocletian (284 sí 305) sọ ọ́ di ètò: wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ka orí èèyàn, wọ́n ka ẹran ọ̀sìn. Ní 332, Olú-ọba Constantine pàṣẹ pé àgbẹ̀ tó ń yálẹ̀ dáko ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń gbèrò àtisá, kí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ikùn ọmọ ogun ló fa gbogbo ìwé kíkọ yẹn, àbí kí lẹ rò?

Ara Iléṣà ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ara ìlú ni wọ́n ń jẹ, títí Fábùnmi fi pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkèmẹ̀sí ní 1878.

Lọ́jà Àtakúnmọ́sà, mo rò ó fún ìyá tó ń wọn ẹ̀wà fún mi. Ó fọwọ́ gbá orí kóńgò, ó ní, "Ṣé wọ́n ń dá a padà fún wọn?" Mo ní rárá. "Ìbọ́mọ nìyẹn jàre."

"Ìbọ́gun" ni mo ti fẹ́ dábàá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní Ògún là ń bọ, wọ́n á máa wá ajá kiri. Ìbọ́mọ-ogun ni mo wá fara mọ́. Ẹni tó bá sọ pé aṣọ kì í ṣe oúnjẹ, kó rántí pé ìkórè ọdún ni annona fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ sí ní èdè Látìn, kó tó gba aṣọ mọ́ra. Ẹ fi tiyín lé e.