Akọ ẹja inú ibú kì í ṣe àfòmọ́

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkéré dábàá pé kí á pe ẹja inú ibú òkun nì, Ceratias holboelli, ní “ẹja onífìtílà”, kí á sì pe akọ rẹ̀ ní “àfòmọ́”. Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n.

Ti fìtílà kò le. Abo nìkan ló ní iná, bakitéríà tó ń gbé nínú ìjẹ, ìyẹn ẹran ara tó so rọ̀ níwájú orí rẹ̀ bí ohun tí à ń fi sẹ́nu ìwọ̀, ló sì ń tàn án. Ẹja tó ń tan iná pọ̀ lọ súà nínú ibú. Èyí tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ń fi ìjẹ dẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ “afìjẹdẹ”.

Àfòmọ́ ni n kò lè gbà. Ẹni tó bá lóko kòkó ní Èkìtì mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ wá, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, yóò wọ inú èèpo lọ, yóò máa fa omi igi mu títí ẹ̀ka náà yóò fi gbẹ. Àdá la fi ń gé e dànù. Àwọn àgbà ní kò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Irọ́ ni ìtan yẹn. Kò bá ìkankan tan.

Ṣùgbọ́n akọ ẹja yìí bá abo tan ní tòótọ́. Lọ́dún 1922, Bjarni Sæmundsson, onímọ̀ ẹja ọmọ ilẹ̀ Iceland, rí ẹja kékeré méjì tó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ikùn abo kan, ó sì rò pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ìgbà tó di 1925 ni Charles Tate Regan, onímọ̀ ẹja ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé akọ ni irú ẹja kékeré bẹ́ẹ̀. Abo lè gùn tó nǹkan bíi 1.2 mítà, akọ tó lẹ̀ mọ́ ọn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Nínú òkùnkùn, níbi tó sábà máa ń jìn ju 400 mítà lọ, bí akọ bá rí abo, á gé e jẹ, kò sì ní tú u sílẹ̀ mọ́. Awọ á so pọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á wọ inú ara wọn. Bí kò bá rí abo, kì í dàgbà dé ipò tó lè bímọ.

Ẹ̀gbọ́n lè ní ẹ̀jẹ̀ abo náà ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àfòmọ́ kì í bá igi kòkó so èso. Akọ yìí ló ń tu àtọ̀ sára ẹyin nígbà tí abo bá yé e. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní “akọ alẹ̀mọ́bo”, kí ọmọ ilé ìwé má baà rò pé irú ẹja mìíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ ìwọ̀ ní adágún Èrò, ṣé “ìjẹ” náà lẹ ń pe ekòló tí ẹ fi ń sẹ́nu ìwọ̀, àbí ẹ ní orúkọ mìíràn fún un?