Òfin 1864 lórí òwò nàbì ní Plymouth: báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin àrùn ìbálòpọ̀ ní 1864 fún àwọn ìlú ológun bíi Plymouth àti Portsmouth, wọ́n sì tún un ṣe ní 1866 àti 1869. Ta ló ń pinnu pé aṣẹ́wó ni obìnrin kan? Kí ló sì dé tí wọ́n fi wọ́gi lé e ní 1886?

Ayọ̀: Ọlọ́pàá ni. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń kó wọn wá, aṣọ ilé ni wọ́n sì ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Lábẹ́ òfin 1866, ọlọ́pàá lè lọ búra níwájú adájọ́ májísíréètì pé òun ní ìdí láti gbà pé aṣẹ́wó ni lágbájá. Adájọ́ á wá pàṣẹ àyẹ̀wò fún un, ó lè tó ọdún kan. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù "mo gbà fúnra mi" ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí kò ní ẹjọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò mọ̀wé kàn fa X sí i ni, láìmọ̀ pé ìwé náà ti sọ wọ́n di aṣẹ́wó lójú òfin. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni àyẹ̀wò. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ẹni tí wọ́n bá rí àrùn lára rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ ilé ìwòsàn: oṣù 3 ni òpin rẹ̀ ní 1864, ó di 6 ní 1866, ó di 9 ní 1869.

Bàbá Túndé: Ayọ̀, o ṣeun. Àyẹ̀wò yẹn gan-an ló burú. Irin ni wọ́n fi ń ṣí ojú ara, ojú lásán ni dókítà sì fi ń wò ó. Ọdún 1879 ni Albert Neisser, dókítà ará Jámánì, tó rí kòkòrò àtọ̀sí, ti rẹ́kórẹ́kó di 1905. Nítorí náà, omi ara tí kì í ṣe àrùn lè sọ obìnrin sí àtìmọ́lé, ẹni tí àrùn tirẹ̀ fara pamọ́ á sì máa lọ ní tirẹ̀. Mákúrì tí wọ́n ń lò bí oògùn, egbò lè gbẹ kí àrùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Wọn kò sì yẹ ọkùnrin wò! Iléeṣẹ́ ológun ti dá àyẹ̀wò àwọn sójà dúró ní 1859 nítorí pé àwọn sójà kórìíra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́jú lónìí, sójà tó kó o ràn án ló tún ń padà bá. Ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1871 sọ pé owó ni obìnrin ń wá, pé ìfẹ́ àdámọ́ ni ti ọkùnrin. Ìrẹ́jẹ pátápátá ni.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Báwo ni wọ́n ṣe wá bì í wó?

Ayọ̀: Fọ́ọ̀mù "mo gbà fúnra mi" yẹn ni Josephine Butler, obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1869 kọjú sí. Wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fọwọ́ sí nǹkan kan, kí ọlọ́pàá lọ mú ẹ̀rí wá sí kóòtù. Ní 1870 wọ́n gbógun ti Sir Henry Storks, alátìlẹ́yìn òfin náà, nínú ìdìbò sílé aṣòfin ní ìlú Colchester, ó sì fìdí rẹmi. Ní 1883, aṣòfin James Stansfeld mú kí Ilé Aṣòfin dìbò lòdì sí àyẹ̀wò tipátipá. Àyẹ̀wò dúró lọ́dún náà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin tó kúrò nínú ìwé. Íńdíà ní òfin tirẹ̀ láti 1868, ìyẹn ò sì kúrò títí di 1888.