Mọ́tò ń kùn, téèpù ò yí: ìrírí wa pẹ̀lú Walkman àtijọ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ń bèèrè bóyá kó ju Walkman (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì) bàbá rẹ̀ nù nítorí pé ó ń kùn tí téèpù ò yí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Irú rẹ̀ ti dé ọwọ́ mi rí.

Sony tí bàbá mi ń lò ní London láyé ọdún 1980 sí 1989 ni. Owó tẹlifóònù wọ́n nígbà náà, nítorí náà ará ilé á gba ohùn sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀. Ìyá àgbà wa ò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì téèpù kan ni wọ́n fi ki bàbá mi. Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi gbọ́ ọ nígbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n tún fi gbọ́ ọ.

Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà tó yẹ kó máa gba agbára lára mọ́tò ti yọ́, ó ti di ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́wọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà o! Òwú àti spírìtì ni kí ẹ fi nu ún, ẹ nu ún, kí ẹ tún nu ún, pàápàá lára kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tò. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ohùn á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń sunkún.

Mo fi òwú ìránṣọ wọn ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà, mo wá ra tuntun tó fi bí ìdá 5 nínú 100 kúrú sí i. Tó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀. Tó bá le jù, mọ́tò á máa tiraka, bátìrì á sì tètè kú.

Ó ku eré téèpù: sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló yẹ kó máa sá. Ihò kan wà lára mọ́tò tèmi tí a ń ti sùkúdíráfà bọ̀ láti tún eré náà ṣe. Mo fi orin kan náà sórí fóònù àti sínú Walkman, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn méjèèjì fi bára mu. Ẹ má gbé sùkúdíráfà tó ní mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ orí tó ń ka téèpù.

Oríkì náà jáde ketekete. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á dá bàbá sí fún wa. Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Walkman tí wọ́n ń pè ní WM-DD ni, irú èyí tí Sony gbé jáde ní 1982. Ó ń kọrin dáadáa, àmọ́ ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lábẹ́ orin. Jíà oníke àárín rẹ̀ ló sán, ọ̀pọ̀ WM-DD ló sì ń ní in. Gúlúù kì í pẹ́ níbẹ̀, jíà tuntun ni mo rà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹni tó ń tà á fi fídíò tó ní ohùn ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.