Ẹ fún mi ní ìmọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹnìkejì àwọn ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn?

Awòràwọ̀_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ máa ṣe ìwádìí lórí àwọn ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn tí wọ́n ní ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń yí ara wọn po. Tẹlisíkóòpù tó wà nílẹ̀ jẹ́ onídígí 130 mm, focal length rẹ̀ 650 mm. Píksẹ́lì kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 2.9 µm. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wà, dátà wà, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìràwọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ? Ṣé kí n kúkú jókòó ti àkójọ Gaia (sátẹ́láìtì tó wọn ipò àti ìrìn àwọn ìràwọ̀) ni, àbí kí n máa wọn nǹkan fúnra mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ náà.

Oníwọ̀n_Kẹ́hìndé

Ẹ kú ọwọ́. Kí ẹ tó yan ìràwọ̀, ẹ kọ́kọ́ yan àlàfo, ìyẹn bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Ọ̀nà ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àlàfo tí ojú rẹ̀ tó. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn, ṣe ló máa dà bíi pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù lórí èyí ni ti Raghavan àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ní 2010. Ìràwọ̀ 454 tó jọ Oòrùn ni wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo wọn kò jìnnà sí wa ju 25 parsec lọ (nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 82). Nínú 100, 56 ló dá wà, 33 jẹ́ méjì, 8 jẹ́ mẹ́ta, 3 sì jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó ń gbà wọ́n láti yí ara wọn po bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ díẹ̀ títí dé mílíọ̀nù ọdún, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ni nǹkan bí 300 ọdún. Àlàfo tó bá ìyẹn mu tó ìlọ́po 50 ìjìnnà Ayé sí Oòrùn (50 AU), ó kọjá ibi tí Neptune wà dáadáa.

Ẹ wá gbé e sójú ọ̀run. 50 AU ní ìjìnnà 10 parsec jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá igun 5 (5″). Ní 25 parsec, ó di 2″. Tẹlisíkóòpù 130 mm lè ya ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ dọ́gba sọ́tọ̀ dé 116 ÷ 130, ìyẹn 0.89″. Nítorí náà, àárín gbùngbùn iṣẹ́ yìí gan-an wà lábẹ́ ọwọ́ yín, bí ẹnìkejì náà kò bá ti ṣókùnkùn jù. Ìràwọ̀ pupa kékeré tó fi magnitude 6 (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ìràwọ̀ ń ṣókùnkùn tó) ṣókùnkùn ju àgbà rẹ̀ lọ, tó wà ní 2″, ìtànṣán àgbà máa gbé e mì.

Àwọn tó súnmọ́ra gan-an ńkọ́? Bí ìràwọ̀ kan bá wúwo tó Oòrùn, tí ẹnìkejì rẹ̀ wúwo tó ìdajì Oòrùn, tí wọ́n ń fi ọjọ́ 10 yí po, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìyípo wọn sì kọjú sí wa, ìyára àgbà máa lọ sókè sódò ní nǹkan bí 38 km ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ sí àwọ̀ máa rí ìyẹn wẹ́rẹ́. Kámẹ́rà yín kò lè rí i láé.

Ojú_Sánmà_Ẹ̀gbá

Àwọn tí mo máa dámọ̀ràn fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn rèé.

Xi Ursae Majoris ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, ní oṣù Kẹrin. Òun ni ìràwọ̀ ìbejì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣírò ọ̀nà ìyípo rẹ̀. Félix Savary ló ṣe é ní 1827. Àwọn méjèèjì jọ Oòrùn, magnitude 4.3 àti 4.8, àlàfo wọn lé díẹ̀ ní 2″ nísinsìnyí. 60 ọdún ni wọ́n fi ń yí po, nítorí náà láàárín ọdún 4 tàbí 5, ẹ máa fi ìwọ̀n tiyín rí i pé igun ti yí padà. Kò pọ̀ rárá, irú rẹ̀ tó yára báyìí tó sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tàwọn méjèèjì tún ní ẹnìkejì tó fara pa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí spectrum (ìmọ́lẹ̀ tí a tú palẹ̀ sí àwọ̀) fi hàn.

Xi Boötis (magnitude 4.7 àti 7.0, nǹkan bí 5″) fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà ní àtàrí yín ní oṣù Karùn-ún. Eta Cassiopeiae wà fún oṣù Kọkànlá, ó máa ń ga tó dígírì 39 ní àríwá. Ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ magnitude 7.4, ní nǹkan bí 13″. Èyí rọrùn.

Alpha Centauri ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ rí. Ní òpin oṣù Karùn-ún, ó máa ń ga jù ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, ṣùgbọ́n dígírì 22 péré ni sí ilẹ̀ ní gúúsù. Ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ máa ń fa ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ gùn bí òṣùmàrè kékeré, búlúù lápá kan, pupa lápá kejì, àárín ìràwọ̀ á sì yẹ̀. Ẹ fi filter pupa sí iwájú kámẹ́rà. Ní 2016 ni wọ́n súnmọ́ra jù láìpẹ́ yìí, ní nǹkan bí 4″. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya síra.

Fún kámẹ́rà: 206.265 × 2.9 ÷ 650 jẹ́ 0.92″ fún píksẹ́lì kan. Ó fẹ̀ jù. Ẹ fi Barlow 3× (lẹ́ǹsì tó ń sọ focal length di ìlọ́po mẹ́ta) sí i, á di 0.31″. Fọ́tò kúkúrú ni kí ẹ yà, ìdá 5 sí 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, kó tó 2,000, kí ẹ wá yọ 200 tó mú jù lára wọn. Ẹ má jẹ́ kí píksẹ́lì tó mọ́lẹ̀ jù kọjá ìdá 80 nínú 100 ohun tó lè gbà. Bó bá kún, àárín ìràwọ̀ àgbà á bàjẹ́, ìwọ̀n á sì bá a lọ.

Láti mọ ibi tí kámẹ́rà dojú kọ, ẹ pa mọ́tò kí ìràwọ̀ ṣàn kọjá. Ipa tó fà yẹn ni ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 15.04″ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po cosine declination (bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ọ̀run tó, ní dígírì). Fún Alpha Centauri ó jẹ́ 7.3″. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kí ẹ sì tún un ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá yọ kámẹ́rà. Àríwá ni wọ́n ti ń ka igun, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Dígí onígun tó ń yí àwòrán padà máa ń sọ ìlà-oòrùn di ìwọ̀-oòrùn, ẹ má lò ó. Reduc, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, máa bá yín ṣe ìṣirò náà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun méjì tó ń tanni jẹ: dígí tí kò dúró déédéé máa ń fún ìràwọ̀ ní ìrù tó jọ ẹnìkejì. Ẹ wo ìràwọ̀ mìíràn nítòsí. Bí “ẹnìkejì” bá wà ní apá kan náà lára gbogbo wọn, dígí yín ni. Ìkejì, tí tẹlisíkóòpù bá ti inú yàrá oní-AC jáde, ìrì á bò ó. Ẹ gbé e síta fún ìṣẹ́jú 40 kí ẹ tó ṣí i.

Àdìó_Ìràwọ̀

Fún ti Gaia, kò le. Ẹ wá ìràwọ̀ méjì tó wà nítòsí ara wọn, tí parallax wọn (ìyẹ̀ díẹ̀ tí ìràwọ̀ ń yẹ̀ bí Ayé ṣe ń yí Oòrùn po, tó ń fi ìjìnnà rẹ̀ hàn) bára mu, tí ìrìn wọn lójú ọ̀run kò fi ju 1 mas (ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá igun) lọ́dún yàtọ̀ síra. Ó parí.

Dátà_Lókè

Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ má bínú, 1 mas yẹn máa lé ọ̀pọ̀ ìbejì tòótọ́ dànù. Àwọn méjèèjì ń yí ara wọn po, nítorí náà ìrìn wọn kò lè dọ́gba. Ẹ wo 16 Cygni: parallax rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 47 mas, àlàfo 39″, ìyẹn bíi 830 AU. Ìyára ìyípo ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ tó 1.5 km ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ pín in sí 4.74, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 47, ó di 15 mas lọ́dún. Ní tòótọ́, ìrìn àwọn méjèèjì fi ohun tó lé ní 10 mas yàtọ̀ síra. Òfin 1 mas á ní wọn kì í ṣe ìbejì.

Ìwọ̀n tí El-Badry, Rix àti Heintz lò ní 2021 ni kí ẹ lò: ìyàtọ̀ ìrìn kò gbọ́dọ̀ ju 0.44 × parallax^1.5 ÷ √àlàfo lọ, pẹ̀lú parallax ní mas àti àlàfo ní ″. Ẹ fi àṣìṣe ìwọ̀n kún un. Wọ́n fi rí ìbejì tó lé ní mílíọ̀nù kan láàárín 1,000 parsec, àkójọ náà sì wà fún gbogbo èèyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ìbéèrè tó tó fún ìbẹ̀rẹ̀ rèé:

SELECT source_id, ra, dec, parallax, pmra, pmdec, phot_g_mean_mag, bp_rp, ruwe FROM gaiadr3.gaia_source WHERE parallax > 40 AND parallax_over_error > 20

Ẹ má fi bp_rp (nọ́ńbà àwọ̀ ìràwọ̀) há àwọn ìràwọ̀ mọ́ nínú ìbéèrè yìí, torí ẹnìkejì lè pupa jìnnà. Àgbà nìkan ni kí ẹ fi 0.7 sí 0.95 yàn lẹ́yìn náà (ti Oòrùn jẹ́ 0.82). Ẹ má sì wá Alpha Centauri A àti B níbẹ̀. Wọ́n mọ́lẹ̀ ju ohun tí Gaia lè gbà lọ. Proxima, ẹnìkẹta wọn, nìkan lẹ máa bá.

Awòràwọ̀_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Mo ti rí ìràwọ̀ kan nínú èsì náà tí RUWE rẹ̀ (nọ́ńbà tí Gaia fi ń sọ bí ìwọ̀n ṣe bá ti ìràwọ̀ ẹyọ kan mu tó) jẹ́ 2.3, kò sì sí ẹnìkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ìyẹn ti ní ẹnìkejì tó fara pa mọ́ nìyẹn?

Dátà_Lókè

Ó ṣeé ṣe, kò tíì dájú. RUWE tó kọjá 1.4 kàn ń sọ pé ìrìn ìràwọ̀ náà kò bá ti ẹyọ kan mu. Ẹnìkejì tó wà láàárín 1″ tí Gaia kò lè yà sọ́tọ̀ lè fà á, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù náà lè fà á. Ẹ wo tábìlì nss_two_body_orbit, tó ní ọ̀nà ìyípo tó lé ní 440,000, àti nss_acceleration_astro fún àwọn tó ń tẹ̀ láìtíì yí po tán.

Ìràwọ̀ tí RUWE rẹ̀ jẹ́ 1.0 náà lè ní ẹnìkejì o. Oṣù 34 péré ni DR3, àkójọ Gaia kẹta tí ẹ ń lò yìí, fi wo ọ̀run. Ẹni tó ń fi 40 ọdún yí po máa dà bí ẹni tó ń lọ tààrà. Bí àwọn méjèèjì bá sì dọ́gba pátá, àárín ìmọ́lẹ̀ wọn kò ní mì rárá. Ti ìkẹyìn yìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń tú u fó: wọ́n máa fi magnitude 0.75 mọ́lẹ̀ ju ẹyọ kan tó ní àwọ̀ kan náà lọ. Èyí tó ń fi ọdún kan gééré yí po ló burú jù, torí ìmì rẹ̀ máa ń dà pọ̀ mọ́ parallax fúnra rẹ̀, á sì ba ìjìnnà jẹ́.

Fún àwọn tó ń yí po fún ogún tàbí ọgọ́rin ọdún, ẹ fi ìwọ̀n Hipparcos (sátẹ́láìtì tó ṣáájú Gaia) ti 1991 wé ti Gaia. Brandt ti ṣe àkójọ ìyàtọ̀ náà.

Oníwọ̀n_Kẹ́hìndé

Kí n fi ti ìwúwo kún un, torí òun gan-an ni èrè iṣẹ́ yìí. Ẹ pín ìdajì gígùn ọ̀nà ìyípo (ní ″) sí parallax (ní ″ náà), kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ pín in sí ìgbà ìyípo lẹ́ẹ̀mejì. Alpha Centauri: 17.6 ÷ 0.750 jẹ́ 23.5 AU. Lẹ́ẹ̀mẹta, 12,978. Ìgbà ìyípo 79.9 ọdún lẹ́ẹ̀mejì, 6,384. Èsì jẹ́ 2.03, ìyẹn ìlọ́po ìwúwo Oòrùn. Ìwúwo tí a mọ̀ fún wọn ni 1.08 àti 0.91, àpapọ̀ 1.99, torí náà ó súnmọ́ ọn.

Ìlọ́po mẹ́ta yẹn ló máa ń mú èèyàn: bí parallax bá fi ìdá 10 nínú 100 ṣì, ìwúwo á fi nǹkan bí ìdá 30 ṣì. Àlàfo tí ẹ bá wọ̀n lálẹ́ òní kì í sì í ṣe 17.6 yẹn. Àwọn méjèèjì ń lọ láti 11.2 AU sí 35.6 AU, a sì ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá to ìwọ̀n yín mọ́ ti àtijọ́ nínú Washington Double Star Catalog nìkan ni ọ̀nà ìyípo máa jáde. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń fi ìwọ̀n àtijọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè.

Fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀ ní ọdún onídẹ́símà, igun, àlàfo, iye fọ́tò, àti àṣìṣe. Alẹ́ mẹ́ta ó kéré tán fún ìbejì kan.

Ojú_Sánmà_Ẹ̀gbá

Fún 16 Cygni, magnitude 6.0 àti 6.2 ni wọ́n. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ A sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igun yín á fi dígírì 180 yí padà láàárín alẹ́ méjì.