Adájọ́ ti da ẹjọ́ báńkì nù, síbẹ̀ wọ́n ní kí n san owó lọ́yà wọn

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Florida ni a ń gbé. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, oṣù márùn-ún la ò fi rí owó ilé tí a yá ní báńkì san. Báńkì gbé wa lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ilé. A gba lọ́yà, $3,500 la san fún un. Òun ló yẹ lẹ́tà ìkìlọ̀ wọn wò tó rí i pé ọjọ́ 21 péré ni wọ́n fún wa láti san gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30 ni ìwé àdéhùn wí. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún ayọ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìwé owó oṣù dé. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ owó ilé àti èlé, mo rí ìlà kan ṣoṣo: "Corporate Advance $7,412.50". Kò sí àlàyé kankan. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní owó lọ́yà ni, pé a ti fọwọ́ sí i nínú àdéhùn pé àwa la máa san án. Àwọn ló pe ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwa la ó wá sanwó rẹ̀? Ọkọ mi ní ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á rárá.

Àkànní: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Èmi ò bá san án kí n lè fọkàn balẹ̀. Wọ́n lè tún ẹjọ́ yẹn gbé wá lọ́la.

Àdùkẹ́: Bọ̀dá Àkànní, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé wọ́n lè padà pe ẹjọ́, nítorí owó oṣù márùn-ún yẹn ṣì wà lọ́rùn Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀. Ẹjọ́ ni adájọ́ dà nù, kò pa gbèsè rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbèsè, ọ̀tọ̀ ni owó lọ́yà. Owó lọ́yà tó bójú mu ni àdéhùn irú èyí máa ń jẹ́ kí wọ́n gbà, lójú tèmi, owó ẹjọ́ tí àṣìṣe tiwọn fúnra wọn bà jẹ́ ò bójú mu.

Àǹtí mi, ẹ má fi ẹnu lásán bá wọn sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ kọ "Notice of Error" sí orí rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ń sọ fún wọn pé àṣìṣe wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí owó ilé tí a yá, tí wọ́n ń pè ní RESPA, ló fún yín láṣẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì pé àwọn rí i láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, kí wọ́n sì dá yín lóhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 30, àyàfi tí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fi 15 kún un. Wọn ò sì lè ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó wò ó. Ẹ wo ìwé owó oṣù dáadáa: àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú lẹ́tà yìí lè yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí. Tí ẹ bá ṣi àdírẹ́sì, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Ẹ ní kí wọ́n kó ìwé owó lọ́yà náà jáde, pẹ̀lú ọjọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti iye wákàtí. Ọ́fíìsì tó ń gba onílé nímọ̀ràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ìyá kan tí wọ́n gba owó ìwé ìpẹ̀jọ́ ènìyàn mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé ilé. Àfi ìgbà tí ó rí àlàyé kíkún ló tó mọ̀.

Bàbá Tampa: Ìyá Ìbejì, ọjọ́ wo gan-an ni adájọ́ fọwọ́ sí ìwé yẹn?

Ìyá Ìbejì: Ó pé ọjọ́ 19 lónìí, sà.

Bàbá Tampa: Ẹ pe lọ́yà yín báyìí báyìí, ẹ kọ lẹ́tà tí Àdùkẹ́ wí lẹ́yìn ìyẹn. Òfin Florida, 57.105(7), sọ pé tí àdéhùn bá fún ẹnìkan láṣẹ láti gba owó lọ́yà, ẹnìkejì náà lè gbà á tí òun bá jàre. Ìyẹn ni pé ẹ lè ní kí báńkì san $3,500 yín padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 péré ni wọ́n fi sílẹ̀ láti béèrè rẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó ti dárúkọ owó náà nínú ìdáhùn tó kọ sí ẹjọ́ níbẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó lè ṣòro. (Ẹ̀yin ará New York àti California, irú òfin yìí wà lọ́dọ̀ yín náà.)

Tí ìwé tí lọ́yà yín fi béèrè owó náà bá ti wọlé ní kọ́ọ̀tù, ẹ ó ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹ ó fi dúnàádúrà. Báńkì lè ní kí oníkálùkù san owó lọ́yà tirẹ̀. Ìyẹn ò burú, tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé $7,412.50 ti kúrò lórí àkáǹtì yín pátápátá. Tí wọ́n bá ní àwọn á dà á pọ̀ mọ́ gbèsè ilé, ẹ kọ̀ ọ́. Èlé á máa gun orí rẹ̀ títí ẹ ó fi san ilé tán.

Àkànní: Mi ò mọ gbogbo èyí. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́yà gbé fóònù. Ó ní òun béèrè owó náà nínú ìdáhùn, ó wà ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, àti pé ọjọ́rú lòun máa fi ìwé ránṣẹ́. Ọkọ mi ti jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ lẹ́tà yẹn lọ́wọ́. Ṣé ká fi ìwé ìdájọ́ sí i?

Àdùkẹ́: Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí i, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà àkáǹtì náà ńkọ́? Ẹ má gbàgbé ẹ̀. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n á fi fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á.