Ẹ má fi orúkọ kan ṣoṣo pe oògùn tó ń dẹ iṣan àtèyí tó ń dá iṣan dúró

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ka gbogbo orúkọ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa kó sílẹ̀ fún àwọn oògùn lánàá: awowárápásàn fún oògùn gìrì, arọ̀ṣan fún oògùn iṣan, akunlára fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wa kí wọ́n tó fa eyín yọ. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, torí mo ń ta oògùn wọ̀nyí ní kẹ́mísì ní Ìkòròdú níbí, ẹnu ni mo sì fi ń ṣàlàyé wọn fáwọn ìyá wa tí wọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá.

Arọ̀ṣan ló ká mi lára jù. Ẹ pè é sókè kẹ́ ẹ gbọ́. Rọ̀ máa ń ju ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, "rọ iṣan" la máa sọ, arọṣan ló máa wá dà, aláìsàn á sì gbọ́ "arọ" níbẹ̀, ta ló fẹ́ gbé oògùn arọ mì? Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó burú ni pé oògùn oríṣi méjì tí ò jọra ni ẹ kó sábẹ́ orúkọ kan. Àkọ́kọ́ ni baclofen àti diazepam, inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn làwọn yẹn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á dín àṣẹ tó ń lọ bá iṣan kù, iṣan tó ti le gbagidi á wá dẹ̀, oorun lè máa kùn èèyàn àmọ́ á ṣì máa rìn, á máa mí fúnra ẹ̀. Ìkejì ni suxamethonium àti vecuronium, yàrá iṣẹ́ abẹ nìyẹn ń gbé, ibi tí nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ kiri ara, ti ń fi iṣẹ́ lé iṣan lọ́wọ́ gan-an ló ti ń ṣe tiẹ̀, gbogbo iṣan tí a fi ń ṣe nǹkan á dákẹ́ pátá, àtèyí tí a fi ń mí, ẹ̀rọ ló máa ń bá èèyàn mí. Tí wọn ò bá sì tíì fún un ní akunilóorun, ọkàn ẹ̀ á là kedere, á máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí ẹ̀, á máa mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe ń gé e, kò sì ní lè gbé ìka kan.

Àgbà ẹbí ìkejì yìí ni curare, oró ọfà àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ọdún 1942 ni dókítà Harold Griffith lò ó nínú iṣẹ́ abẹ ní Montreal, ní Kánádà. Neostigmine tí wọ́n fi ń tú iṣan sílẹ̀ lọ́wọ́ vecuronium náà, ara physostigmine ni wọ́n ti wò ó ṣe, ẹ̀wà Calabar nìyẹn sì ti wá, èyí táwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ilé wa níbí ni o!

Mo wá ní ká pe ti àkọ́kọ́ ní adẹṣan, ká pe ìkejì ní adáṣandúró, kí ẹ̀rù tó yẹ kó bani wà nínú orúkọ ẹ̀.

Akunlára náà ò lè dúró. "Oorun ń kùn mí" la ti rí akunilóorun, tẹ́ ẹ bá yọ oorun kúrò, kùn tí a fi ń kun ògiri lọ́dà ló kù. Lidocaine, tí Löfgren àti Lundqvist ṣe ní Sweden lọ́dún 1943, kì í kun ẹnikẹ́ni lóorun, ẹnu á kú, ojú á ṣì là sílẹ̀ rekete. Apa-ìmọ̀lára ojúkan ni tèmi.

Awowárápásàn, rárá. Phenobarbital ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1912, phenytoin láti 1938, kò sí ìkankan tó ń wo wárápá sàn nínú wọn, wọ́n kàn ń di gìrì lọ́wọ́ ni, ẹni tó bá rò pé òun ti sàn tó wá já a jù sílẹ̀ lójijì, gìrì lè dé léraléra láìdáwọ́ dúró, ó sì lè pa á. Wọ́n tún máa ń fún ẹni tí nẹ́ẹ̀fù ojú ń ta ní carbamazepine, ẹ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé oògùn wárápá ni kẹ́ ẹ wá wo ibi tó máa jù ú sí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní adènà-gìrì. Àwọn tó ní tọmọdé nìkan ni gìrì, gìrì aboyún ńkọ́, tí wọ́n ń fi magnesium sulphate tọ́jú?

Àbúrò tó ní ká fi ilẹ̀kùn sódíọ̀mù (èròjà kan tó wà nínú iyọ̀) sọ gbogbo wọn lórúkọ, mo gbóríyìn fún un, lóòótọ́ lidocaine, phenytoin àti carbamazepine ń ti ilẹ̀kùn tí sódíọ̀mù ń gbà wọnú nẹ́ẹ̀fù. Àmọ́ tí lidocaine bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, gìrì gan-an ló máa ń fà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jẹ́ orúkọ kan náà?

Nẹ́ẹ̀fù yìí ló kù tí mi ò rí orúkọ fún. Tí mo bá pè é ní iṣan, àwọn kan á di iṣan ẹsẹ̀ mú, àwọn mìíràn á na iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ọwọ́ sí mi. Ẹni tí wọ́n bá ní orúkọ fún un nílé wọn, yálà ní Ẹ̀pẹ́ ni o, yálà níbòmíì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí.