Mo fẹ́ ṣí iná iwájú mọ́tò mi kí n kun inú ẹ̀ ní dúdú, ẹ gbà mí o

Ọ̀dọ́ńkọ́ṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iná iwájú mọ́tò mi ni mo fẹ́ ṣí fúnra mi, kí n fi sípíréè dúdú kun férémù tó ń dán nínú ẹ̀ yẹn, kí n wá lẹ̀ ẹ́ padà. Gílóòbù halogen ló ń lò, kì í ṣe LED. Mo ti yọ báńpà, mo ti tú ọ̀kan sílẹ̀, ó wà lórí tábìlì báyìí, láti àná ni mo ti ń wò ó tóun náà ń wò mí, torí mi ò rí síkúrù kankan tó de rọ́bà funfun iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, gọ́ọ̀mù dúdú kan ṣá ni mo rí tó yí etí ẹ̀ ká. Mo ki ẹnu sìkúrùdíráfà bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó dún kọ́ọ́, ni mo bá sáré fà á yọ. Ẹnì kan wá ní kí n gbé e sínú ófùn. Ṣé òótọ́ ni àbí ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Kò wá ní yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Kí ni kí n sì fi lẹ̀ ẹ́ tómi ò fi ní wọlé?

Bàbá Gírísì:
Àbúrò, òótọ́ ni, ófùn la fi ń ṣe é. Àmọ́ kọ́kọ́ wo irú gọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ná. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tó bá rọ̀, tó ń fà bí àtẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, butyl nìyẹn, ooru máa tú u. Tó bá le gbagidi bíi táyà, kódà kó o yan án di ọ̀la kò ní gbọ́, gígé ni wọ́n ń gé irú ìyẹn, mi ò sì ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nímọ̀ràn pé kó dán an wò.

Ká ní butyl ni. Yọ gílóòbù, yọ àwọn ìdérí rọ́bà ẹ̀yìn, yọ gbogbo síkúrù àti klípù etí ẹ̀, wá a dáadáa torí wọ́n máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì pamọ́ sábẹ́. Kí ófùn kọ́kọ́ gbóná dé 110°C, kó o tó gbé e wọlé lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kí rọ́bà ẹ̀ má bàa kan irin. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó. Má kọjá 120 o. Rọ́bà iwájú yẹn, polycarbonate ni, ó máa ń tó nǹkan bí 147°C kó tó rọ̀, àmọ́ àwọn rọ́bà yòókù ò láyà tó bẹ́ẹ̀, ófùn ilé sì máa ń purọ́, ó lè ní 110 lòun wà kó ti lé kọjá ibẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, máa fà á díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tutù tó ń le, dá a padà fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi agbára fà á, klípù ẹ̀ ló máa dá.

Ohun kan tí mi ò ní gbàgbé láé: abọ́ tó ń dán lẹ́yìn gílóòbù yẹn, má fọwọ́ kàn án, má sì nù ún. Alumíníọ̀mù tín-ín-rín ni wọ́n fi bò ó. Mo fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò lára ọ̀kan rí, aṣọ yẹn gbé dídán ẹ̀ lọ pátápátá, ojú ibẹ̀ ṣú báìbáì, iná yẹn ò mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́ títí mo fi pààrọ̀ ẹ̀.

Eléré_Ìsáré:
Ẹ má da ara yín láàmú jàre, sìlíkóònù tí wọ́n fi ń dí etí báàfù ni mo fi lẹ tèmi, ó ti pé oṣù méje, omi kankan ò wọlé.

Màmá Sípíréè:
Eléré_Ìsáré, tìẹ bọ́ sí i ni o. Sìlíkóònù tó ń rùn kíkan bíi fínígà yẹn, ásíìdì ló ń tú jáde bó ṣe ń gbẹ, alumíníọ̀mù tó sì wà lára abọ́ yẹn ò fẹ́ ẹ rí. Lọ́jọ́ tó o bá wá ní láti ṣí i padà ńkọ́? Wàá fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí apá á fi bó ni, ooru ò ní bá ẹ dá sí i.

Ọmọ mi, kíkùn lẹ ò tíì dé o, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn ti ń kánjú. Férémù nìkan ni kó o kùn, tú u kúrò lára abọ́ tó bá ṣeé tú, tí kò bá ṣeé tú, fi bébà àti tépù bo abọ́ yẹn dáadáa. Fi sánpépà 600 pa dídán ara férémù, kí ó kàn rẹ̀ díẹ̀ ni, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, fi sípírítì nù ún, lẹ́yìn ìyẹn kó o má fi ọwọ́ lásán dì í mú mọ́. Kọ́kọ́ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ (primer) tí wọ́n ṣe fún rọ́bà sí i, kó o tó wá fín dúdú lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 15 láàárín ìkan sí èkejì. Ọ̀dà tó lè gba ooru ni kó o rà torí halogen gbóná kọjá bẹ́ẹ̀.

Wá fi sílẹ̀. Mo ní kó o fi sílẹ̀! Ọjọ́ 2 ó kéré jù, èmi máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi, ó gbẹ lọ́wọ́ láàárín wákàtí mélòó kan, mo lẹ̀ ẹ́, ó rẹwà, mo ń ya fọ́tò. Alẹ́ kejì tí mo tan iná rìn díẹ̀, nǹkan funfun bí èéfín ti bo rọ́bà iwájú ẹ̀ látinú, kì í ṣe omi, kò sì gbẹ. Ọ̀dà tí kò tíì jinná ni ooru gílóòbù ń lé jáde. Mo padà ṣí i ni.

Bàbá Gírísì:
Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ti lílẹ̀ ló kù. Fi ooru ha butyl àtijọ́ kúrò nínú kòtò yẹn kó mọ́, ra butyl tuntun tó rí bí okùn, tó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 9, tò ó yí kòtò ká láìfà á, kó o jẹ́ kí orí àti ìdí ẹ̀ gun ara wọn lókè, má jẹ́ kó jẹ́ ìsàlẹ̀ níbi tómi ń dúró sí. Dá méjèèjì padà sí ófùn, tẹ̀ wọ́n pọ̀, dá síkúrù àti klípù padà kó o sì fi ìdè fún wọn pọ̀ títí tó fi tutù.

Ihò kékeré tó ń mí lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, má dí i o, ìyẹn ló ń lé ìrì jáde. Kó o tó dá báńpà padà, fi omi ọṣẹ pa etí ẹ̀, fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ gba ihò yẹn, ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Gílóòbù náà, má fi ìka kan gíláàsì ẹ̀. Kó o sì rí i pé iná yẹn ò wo ojú ọ̀run tó o bá dá a padà.

Ọ̀dọ́ńkọ́ṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Butyl ni lóòótọ́. Ìṣẹ́jú 9, ó ṣí bí ẹni ṣí ìwé, klípù kan ṣoṣo ló dá, ìyẹn èyí tí mo ti fi sìkúrùdíráfà dá lápá kí n tó béèrè. Mo duro ọjọ́ 6 fún ọ̀dà, ọwọ́ mi ń yún mi. Omi ọṣẹ hó níbi tí klípù yẹn ti dá, mo dá a padà sí ófùn, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò hó mọ́. Èkejì ni mi ò tíì ráyè ṣe, ojú mọ́tò mi kan dúdú, ìkejì ṣì ń dán yanran, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń bi mí bóyá mo ní jàǹbá ni.